Ẹ̀wù Tí Fọlákẹ́ Fọ̀

Bí ẹ bá wọ bọ́ọ̀sì ní Castle Hill, ní New York, láàárọ̀, tí ẹ rí obìnrin kan tó jókòó sẹ́yìn, tó wọ aṣọ iṣẹ́ àwọn tó ń tọ́jú arúgbó, tí kì í gbójú sókè wo ẹnikẹ́ni, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ Fọlákẹ́ ni. Nígbà kan rí, kò sí ọkùnrin tó wọ bọ́ọ̀sì yẹn tí Fọlákẹ́ ò ní yẹ ẹ̀wù ọrùn rẹ̀ wò láti kọ́là dé ìṣẹ́tí. Ní báyìí, ilẹ̀ ló ń wò.

Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n kọ ọ́. Ó ní kí n má bá òun wá àwáwí kankan. Ẹ fọkàn balẹ̀, mi ò ní wá a.

Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ gan-an ló kó bá a. Ẹ fún Fọlákẹ́ ní ṣẹ́ẹ̀tì ọkùnrin tó ti gbó, èyí tí ẹ̀yin fẹ́ fi nu tábìlì, yóò yẹ̀ ẹ́ wò síwá sẹ́yìn, yóò tú ojú rírán rẹ̀, yóò sì ti sísọ́ọ̀sì bọ̀ ọ́. Kó tó dìde nídìí maṣíìnì, apá ti di ìgbànú, ẹ̀yìn ẹ̀wù ti di síkẹ́ẹ̀tì tó ń yí bìrí. Níbi tí bọ́tìnnì wà nìkan ni kì í fọwọ́ kàn. Ó ní ibẹ̀ ni èèyàn fi ń mọ̀ pé ọkùnrin ló kọ́kọ́ ni aṣọ náà.

Òfin kan ló ní. Aṣọ tí ẹlòmíì ti wọ̀ kì í kan sísọ́ọ̀sì rẹ̀ láìfọ̀. Bí ẹ bá tiẹ̀ ní ẹ ti fọ̀ ọ́ nílé yín, á tún gbé e lọ síbi ìfọṣọ nísàlẹ̀ ilé wọn.

Láàárọ̀, ó ń tọ́jú ìyá arúgbó kan ní Highbridge, ó ń wẹ̀ ẹ́, ó ń fún un lóúnjẹ. Lọ́sàn-án, á padà sí yàrá rẹ̀, á jókòó sídìí maṣíìnì lẹ́bàá fèrèsé. Kànmí, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ti kó lọ sí Texas. Ariwo maṣíìnì yẹn nìkan ló kù nínú ilé.

Ohun kan sì wà tó ń dùn ún láti ìgbà ọmọge. Ó kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán n'Ìbàdàn, ṣùgbọ́n físà dé kó tó ṣe fúrídọ́ọ̀mù. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wọ aṣọ funfun, wọ́n ya fọ́tò, ọ̀gá wọn gbàdúrà lé wọn lórí. Òun wà nínú ọkọ̀ òfurufú. Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó pè é ní Màdáámù rí nídìí iṣẹ́ aṣọ, ó sì ń wù ú ju bó ṣe lè fẹnu sọ lọ.

Adétóun ni ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ní ọ̀gìnnìtìn àkọ́kọ́ tí wọ́n lò ní New York, inú yàrá kan ni wọ́n jọ ń gbé ní Highbridge, kóòtù òtútù kan náà ni wọ́n sì jọ ń wọ̀. Ẹni tó bá níṣẹ́ láàárọ̀ ló ń wọ̀ ọ́ jáde. Èkejì á jókòó sílé títí kóòtù á fi dé.

Nígbà tó yá, Adétóun fẹ́ Akínwùmí, wọ́n kó lọ sí Parkchester, wọ́n bí ọmọbìnrin kan, Démi. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni Akínwùmí, àmọ́ bó bá ti bọ́ yúnífọ́ọ̀mù sílẹ̀, ẹ ò lè bá a jà nídìí ẹ̀wù. Ó fẹ́ràn ṣẹ́ẹ̀tì tó dáa ju oúnjẹ lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, bó ṣe ń gun àtẹ̀gùn ibùdó tíréènì lọ síbi iṣẹ́, ó di àyà mú, ó ṣubú. Kò dìde mọ́.

Kò pẹ́ tí wọ́n sin ín ni Adétóun wọ́ àpótí ńlá méjì wá sílé Fọlákẹ́.

"Bá mi gbé wọn pamọ́," ni Adétóun wí. "Ẹ̀wù rẹ̀ ni. Bí mo bá ṣí kọ́bọ́ọ̀dù tí mo rí wọn, ńṣe ló ń ṣe mí bíi pé ó ṣì ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́."

"Ṣé kí n bá ẹ fi wọ́n ránṣẹ́ sílé ni?"

"Rárá o! Tó bá pé ọdún, Àǹtí Àpèkẹ́ ń bọ̀." Àǹtí Àpèkẹ́ ni ẹ̀gbọ́n Akínwùmí lóbìnrin, obìnrin tí ohùn rẹ̀ máa ń wọlé ṣáájú rẹ̀. "Àwọn ló máa wá kó o, kí wọ́n lọ pín in fáwọn àbúrò rẹ̀ nílé bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án kí wọ́n tó dé. Ìwọ náà mọ àwọn ará ilé ọkọ mi."

Lẹ́yìn náà ló yọ náílọ́ọ̀nù kan nínú báàgì ọwọ́ rẹ̀. Ó ti dì í, ó ti ta á ní kókó. Ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ sánmà ló wà nínú rẹ̀, tó ní ilà funfun tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ lára.

"Èyí ló wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú tó gbẹ̀yìn," ni Adétóun wí. "Bọ́tìnnì ọwọ́ rẹ̀ já nígbà tá a fẹ́ jáde. Òwú pupa ló wà nítòsí, òun ni mo fi rán an. Ó ń fi mí rẹ́rìn-ín, ó ní gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì á mọ̀ pé òun níyàwó nílé."

Ó nu ojú rẹ̀.

"Mi ò fọ̀ ọ́, Fọlákẹ́. Ìyá rẹ̀ ló máa gbà á. Ojú ìyá ò ríran mọ́, wọn ò sì rí sàárè ọmọ wọn. Wọ́n ní kí n má fọ̀ ọ́. Wọ́n ní imú làwọn á fi rí i."

Fọlákẹ́ gbá ọ̀rẹ́ rẹ̀ mọ́ra. Àwọn méjèèjì sunkún débi tí aládùúgbò fi kan ilẹ̀kùn.

"Mo ti sọ fún ìyá lórí fóònù pé ọwọ́ rẹ ló máa wà," ni Adétóun wí nígbà tó ń lọ. "Wọ́n ti ń gbàdúrà fún ẹ."

"Àmín o, àmín!" ni Fọlákẹ́ wí. Ẹni tó máa ń tètè ṣe àmín ni. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ gbàdúrà fún Fọlákẹ́, á ti gba ìdajì rẹ̀ lẹ́nu yín kẹ́ ẹ tó parí.

Ó ti àpótí méjèèjì sábẹ́ ibùsùn. Ó gbé náílọ́ọ̀nù náà lé orí kọ́bọ́ọ̀dù, ó sì fi ọwọ́ kàn án lẹ́ẹ̀kan sí i, bí ẹni tó ń búra.

Ká ní ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mọ ni.

Ọmọbìnrin kan wà ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn tó ń jẹ́ Tiffany. Ọmọ Yorùbá ni, àmọ́ Bronx ni wọ́n bí i sí, Yorùbá rẹ̀ a sì máa fẹsẹ̀ kọ. Tiffany ló ń ya fọ́tò aṣọ Fọlákẹ́, tó ń gbé e sórí fóònù. Lọ́jọ́ kan, ó wọlé tayọ̀tayọ̀.

"Àǹtí Fọlákẹ́! Mo ń ṣe fashion show ní Parkchester. Ẹ̀yin ni main designer. Orúkọ yín máa wà lára wall, big!"

"Orúkọ ta?" Fọlákẹ́ fọwọ́ lé àyà.

"Yours now! Orúkọ yín!" Tiffany gbé aṣọ kan sókè kúrò lórí maṣíìnì, ó fojú sùn-ún. "But Àǹtí, ẹ má bínú. Iṣẹ́ yín dáa, but this cloth, ó ti rẹ̀ ẹ́. Where do you get it?"

Níbi tí wọ́n ti ń ta òkirìkà ni. Òótọ́ lọmọ náà sì sọ, aṣọ náà ti ṣá. Àárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ni Fọlákẹ́ fa àpótí kan síta láti ju kánfọ̀ sí i, kò sì tíì tì í padà. Kó tó mọ̀, Tiffany ti kúnlẹ̀ tì í.

"Oh my God. Àǹtí, this is real cotton!"

"Fi sílẹ̀! Kì í ṣe tèmi."

"Ta ló ni ín?"

"Ẹni tó ni ín ti kú."

Tiffany gbójú sókè. Kò ní ìkà nínú, ẹ má bú u. "So kò need ẹ̀ mọ́," ni ọmọ náà wí.

Fọlákẹ́ bá a wí gan-an, ó ní àwọn ọmọ Amẹ́ríkà ò mọ èèwọ̀. Ó tilẹ̀ ti àpótí náà padà sábẹ́ ibùsùn lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti wọ ilé, kò sì bá Tiffany jáde.

Ọ̀kan ló kọ́kọ́ mú. Ó ní ọ̀kan ò lè hàn nínú ẹ̀wù tó pọ̀ tó yẹn. Ó fọ̀ ọ́, ó lọ̀ ọ́, ó gé e. Aṣọ náà rọ̀, ó ṣe é bó ṣe fẹ́ kó ṣe. Nígbà tí Tiffany gbé fọ́tò rẹ̀ jáde, àwọn tí Fọlákẹ́ ò mọ̀ rí ń béèrè pé ta ni obìnrin yìí.

Ó mú òmíràn. Ó tún mú òmíràn.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, fóònù dún. Adétóun ni. Fọlákẹ́ ní abẹ́rẹ́ lẹ́nu, ṣẹ́ẹ̀tì Akínwùmí sì nìyẹn lórí itan rẹ̀, tó ti là á sí méjì.

"Mo kàn fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ ni," ni Adétóun wí. "Àwọn ẹ̀wù yẹn ńkọ́?"

Fọlákẹ́ yọ abẹ́rẹ́ lẹ́nu. "Wọ́n wà níbí."

"O ṣeun, ọ̀rẹ́ mi. Inú mi máa ń dùn pé ọ̀dọ̀ rẹ ni wọ́n wà."

Ẹ rò ó wò. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn, ó sì tún ti abẹ́rẹ́ bọ aṣọ.

Nígbà tí àpótí bẹ̀rẹ̀ sí í fúyẹ́, ẹ̀rù bà á. Kí ló ṣe? Ó lọ síbi òkirìkà, ó ra ṣẹ́ẹ̀tì rẹpẹtẹ, ó kó wọn sí ìsàlẹ̀ àpótí, ó wá fi díẹ̀ tó ṣẹ́kù lára ti Akínwùmí bò wọ́n lórí. Ó ní Àǹtí Àpèkẹ́ á kàn gbé àpótí bọ́ sínú ọkọ̀ òfurufú ni. Tí wọ́n bá fi máa tú u n'Ìbàdàn, ta ni yóò mọ èyí tó jẹ́ ti olóògbé?

Aṣọ tó fẹ́ fi kádìí ìfihàn aṣọ náà ló wá mú ọkàn rẹ̀ jù. Ẹ̀wù gígùn kan ni, ó rí gbọọrọ, ó ní bọ́tìnnì láti ọrùn dé orúnkún. Ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ sánmà, onílà funfun, ló fi rán an. Akínwùmí ra méjì tó bá ara wọn mu lọ́jọ́ kan náà. Ọ̀kan wà nínú àpótí. Èkejì ni èyí tó wà nínú náílọ́ọ̀nù.

Nígbà tí ìfihàn ku ọ̀la, áyọ́ọ̀nù jó apá ẹ̀wù gígùn náà. Ihò ńlá, níwájú pátá. Fọlákẹ́ pariwo. Ó sáré káàkiri àwọn ilé òkirìkà, kò rí irú rẹ̀. Nígbà tó padà wọlé, ó jókòó, ó sì gbójú sókè wo orí kọ́bọ́ọ̀dù.

Ó gbé e sọ̀ kalẹ̀. Ó tú kókó rẹ̀.

Òórùn Akínwùmí kún yàrá. Lọ́fínńdà rẹ̀ ni, àti Róòbù tó máa ń fi pa ọrùn nítorí òtútù, àti òógùn ara rẹ̀, òórùn èèyàn tó ṣì wà láàyè. Akínwùmí tó máa ń pè é ní "ìyàwó kékeré" fi ṣẹ̀fẹ̀, tó gbé maṣíìnì yẹn gan-an gun àtẹ̀gùn fún un. Fọlákẹ́ dì í padà kíákíá, ó ta á ní kókó, ó ní, "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́."

Fóònù rẹ̀ dún. Fọ́tò ni Tiffany fi ránṣẹ́. Ògiri gbọ̀ngàn ni, wọ́n ti kọ FỌLÁKẸ́ sára rẹ̀ gàdàgbà.

Ó wò ó títí. Lẹ́yìn náà ló dìde, ó gbé náílọ́ọ̀nù náà, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ síbi ìfọṣọ.

Ká ní ó gé apá méjèèjì lásán ni, ìyókù ẹ̀wù náà ì bá ṣì ní òórùn. Ṣùgbọ́n Fọlákẹ́ kì í gé ohun tí kò fọ̀. Ó da ọṣẹ sí i. Ó dúró níwájú maṣíìnì, ó ń wò ó látojú gíláàsì rẹ̀ bó ṣe ń yí, tí fóòmù ń bò ó. Nígbà tó mú un jáde, ó gbé e sí imú. Ọṣẹ nìkan ló ń rùn.

Ó gé apá rẹ̀ méjèèjì kí wọ́n lè bára mu, ó rán wọn mọ́ ẹ̀wù obìnrin náà. Ó fẹ́ já bọ́tìnnì olówùú pupa yẹn, Tiffany tó wá kó àwọn aṣọ dá a dúró. "Leave it, Àǹtí. It's cute." Ó fi sílẹ̀.

Ohun tó tẹ̀ lé e ló burú jù lójú tèmi. Fọlákẹ́ ra ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ sánmà kan níbi òkirìkà. Ó ra irú lọ́fínńdà tí Akínwùmí ń lò, ó ra Róòbù. Ó fọ́n ọ̀kan sí i, ó fi èkejì pa kọ́là. Ó dì í sínú náílọ́ọ̀nù, ó sì ta á ní kókó bí Adétóun ṣe ta á. Ó ní ìyá ò kúkú ríran.

Ìfihàn náà dùn. Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n dìde dúró. Ọmọge kan tó gbé ẹ̀rọ fọ́tò tẹríba níwájú rẹ̀, ó ní, "Màdáámù, ẹ kú iṣẹ́." Fọlákẹ́ sunkún ayọ̀. Kó tó yẹra síbì kan, wọ́n ti ra gbogbo aṣọ tán.

"Ta ló ra elébùlúù yẹn?" ló bi Tiffany.

"My friend kan ní college. Ó ní dandan òun lòun máa ra á."

Kò béèrè orúkọ ọ̀rẹ́ náà.

Ọdún pé. Àǹtí Àpèkẹ́ dé láti Ìbàdàn. Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé tó ṣáájú ìsìn ìrántí, Fọlákẹ́ gbé àwọn àpótí náà lọ sí Parkchester, ó fẹ́ gbé wọn sílẹ̀ kó sì wá nǹkan ṣe ní kíṣìnnì. Kò mọ̀ pé Àǹtí Àpèkẹ́ ti gbé ìwọ̀n kílò kalẹ̀ ní pálọ̀.

"Méjèèjì ti pọ̀ jù," ni Àǹtí Àpèkẹ́ wí. "Ọkọ̀ òfurufú ò ní gbà á lọ́wọ́ mi. Ẹ jẹ́ ká tú u, ká ṣa àwọn tó dáa."

Fọlákẹ́ fi ọwọ́ di àpótí mú. "Ẹ jẹ́ ká jẹun ná, Àǹtí."

"A óò jẹun. Ẹ bá mi ṣí i."

Àwọn tó wà lókè dáa. Àǹtí Àpèkẹ́ ń gbé wọn lé itan lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fọwọ́ nù wọ́n, ó ń pe oríkì àbúrò rẹ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Lẹ́yìn náà ló fa ọ̀kan yọ tó fẹ̀ bí aṣọ tábìlì.

"Akínwùmí ló wọ èyí? Akínwùmí tó tín-ínrín bí igi? Èèyàn méjì ló máa wọ̀ ọ́!"

Ó fa òmíràn. Ó yí kọ́là rẹ̀ padà. Wọ́n fi yíǹkì kọ orúkọ sínú rẹ̀, bí wọ́n ṣe máa ń kọ ọ́ sára aṣọ àwọn arúgbó nílé ìtọ́jú.

"Albert," ni Àǹtí Àpèkẹ́ kà. Ó wo Adétóun. "Ìyàwó wa, ta ni Albert?"

"Mi ò mọ Albert kankan, Àǹtí."

"O ò mọ̀ ọ́n? Aṣọ rẹ̀ wà nínú àpótí ọkọ rẹ, o ò mọ̀ ọ́n!" Ohùn rẹ̀ ti dé ojú ọ̀nà. "Àbúrò mi ò tíì gbẹ nínú ilẹ̀! Ta lo kó ẹ̀wù rẹ̀ fún, tí ìyẹn fi kó àkísà tirẹ̀ sí i fún wa? Kí ni kí n sọ fún wọn nílé?"

Adétóun kúnlẹ̀. "Àǹtí, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, kò sí ọkùnrin kankan." Ó yíjú sí Fọlákẹ́. "Fọlákẹ́, ṣé ẹnikẹ́ni wọ yàrá rẹ ni? Àbí nǹkan pààrọ̀ mọ́ ọ lọ́wọ́?"

Èyí ni àkókò tó yẹ kí Fọlákẹ́ sọ̀rọ̀, òun náà mọ̀.

"Mi ò mọ̀," ló wí.

"Àbí ọ̀rẹ́ rẹ ló tà á?" ni Àǹtí Àpèkẹ́ béèrè, ó sì na ìka sí Fọlákẹ́.

Adétóun dìde lórí ìkúnlẹ̀. "Rárá, Àǹtí! Ẹ bínú sí mi, ẹ má fọwọ́ kan Fọlákẹ́. Bí mo ṣe mọ ara mi ni mo mọ̀ ọ́n. Ó ní láti jẹ́ èmi ni mo ṣì wọ́n kó. Orí mi ò pé lákòókò yẹn. Ẹ̀bi mi ni."

Fọlákẹ́ gbọ́ ọ. Ó sì jẹ́ kó ru ẹ̀bi náà.

"Ẹ jọ̀ọ́," ni Adétóun wí pẹ̀lú omijé, "èyí tó ṣe pàtàkì jù wà níbí. Èyí tó jẹ́ ti ìyá." Ó gbé náílọ́ọ̀nù náà, ó tú kókó rẹ̀, ó sì fún Àǹtí Àpèkẹ́.

Obìnrin náà gbé ojú sínú ẹ̀wù. Ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀. Gbogbo ariwo yẹn kúrò lẹ́nu rẹ̀, ó wá ń sunkún bí ọmọdé. "Òun nìyí! Yéè, Akínwùmí! Òórùn àbúrò mi nìyí!"

Fọlákẹ́ ò lè wò ó. Adétóun ló ń wò. Ẹ̀wù aláwọ̀ sánmà náà kò ní ilà funfun kankan lára, òórùn lọ́fínńdà rẹ̀ sì ń ta sánsán bí ohun tí wọ́n fọ́n lánàá. Ó yíjú díẹ̀díẹ̀, ó wo Fọlákẹ́. Kò sọ̀rọ̀, nítorí ẹni tó ń sunkún.

Ìgbà yẹn ni ilẹ̀kùn ṣí. Démi ló dé láti college rẹ̀, ó ti mọ̀ pé Àǹtí Fọlákẹ́ wà níbẹ̀, ó sì wọlé bí ẹni tó ń jó.

"Good afternoon, Big Mummy. Mummy, wo aṣọ mi! Tiffany ló tà á fún mi. Àǹtí Fọlákẹ́ made it! Mo ń tọ́jú ẹ̀ for Daddy's service." Ó yí bìrí. "I don't know, bí mo ṣe rí i báyìí, mi ò lè fi sílẹ̀."

Ẹ̀wù aláwọ̀ sánmà ni, onílà funfun.

Adétóun rìn lọ bá ọmọ rẹ̀. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó yí i padà. Bọ́tìnnì tí òwú pupa wà lára rẹ̀ nìyẹn, lọ́rùn ọwọ́ Démi.

Ó gbé apá aṣọ náà sí imú. Ó pẹ́ níbẹ̀.

"Fọlákẹ́." Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Ṣé o fọ̀ ọ́?"

Ẹ kíyè sí i, kò béèrè bóyá ó gé e.

"Mo fọ̀ ọ́," ni Fọlákẹ́ wí.

Ó wólẹ̀. Ó sọ gbogbo rẹ̀ tán lórí kápẹ́ẹ̀tì yẹn, ó ń bẹ̀bẹ̀, ó ń di ẹsẹ̀ Adétóun mú. Àǹtí Àpèkẹ́ ju ẹ̀wù èké náà sílẹ̀ bí ohun tó jó o lọ́wọ́. "Kí ni mo fẹ́ gbé fún ìyá mi?" ló ń béèrè. "Ẹ sọ fún mi, kí ni mo fẹ́ gbé fún ìyá mi?" Démi ti ń fà á, ó fẹ́ bọ́ aṣọ náà, bọ́tìnnì ò sì tètè ṣí nítorí ẹkún.

"Máa lọ sílé, Fọlákẹ́," ni Adétóun wí. Ó rọra yọ ẹsẹ̀ rẹ̀.

Wọ́n ṣe ìsìn náà láìsí Fọlákẹ́. Lẹ́yìn rẹ̀, ó rí àpò kan tí wọ́n fi kọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀. Ẹ̀wù obìnrin náà ló wà nínú rẹ̀.

Ó gbé e lé itan. Ó fi ẹnu abẹ́rẹ́ tú ojú rírán rẹ̀, òwú lẹ́yìn òwú. Ara ẹ̀wù tó gé apá kúrò lára rẹ̀ ṣì wà nílé. Ó rán apá méjèèjì padà sí ipò wọn, ó tẹ̀ wọ́n, ó lọ̀ wọ́n. Nígbà tó ṣe tán, ẹ̀wù Akínwùmí tún pé, ilà bá ilà mu, bọ́tìnnì olówùú pupa wà níbi tó wà tẹ́lẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ̀ á ní sísọ́ọ̀sì ò kàn án rí. Fọlákẹ́ ò rán aṣọ kankan mọ́ láti ọjọ́ náà, a sì lè sọ pé ẹ̀wù yìí ló ṣe dáa jù nínú gbogbo iṣẹ́ rẹ̀.

Nígbà tí Fọlákẹ́ gbé e lọ sí Parkchester, Àǹtí Àpèkẹ́ ti padà sí Ìbàdàn. Adétóun ṣílẹ̀kùn, kò yọ ṣéènì. Fọlákẹ́ na ẹ̀wù náà wọlé látojú àlàfo.

Adétóun gbà á. Ó wo ọrùn, ó wo apá, ó fi àtàǹpàkò kan òwú pupa náà. Ó gbé e sí imú lẹ́ẹ̀kan, ó sì nà án padà.

"O rán an dáadáa," ló wí.

Ọ̀rọ̀ tí Fọlákẹ́ ti ń wá láti ìgbà ọmọge nìyẹn. Ó dà bíi kí ilẹ̀ lanu gbé e mì.

"Adétóun, jọ̀ọ́. Jẹ́ kí n wọlé."

"Kò sẹ́ni tó lè sọ fún ìyá," ni Adétóun wí. "Àǹtí Àpèkẹ́ wo ojú wọn, kò lè sọ ọ́. Ẹ̀wù èké tó o ṣe yẹn ló gbé fún wọn." Kò wo ojú Fọlákẹ́. "Wọ́n ní kí n kí ọ. Wọ́n ní àwọn ń sùn tì í. Wọ́n ní láràárọ̀ làwọn ń dárúkọ rẹ, pé bó o ṣe bá àwọn tọ́jú òórùn ọmọ àwọn, bẹ́ẹ̀ ni Ọlọ́run á ṣe bá ọ tọ́jú ọmọ tìrẹ náà."

Ó ti ilẹ̀kùn jẹ́jẹ́.

Fọlákẹ́ dúró níbẹ̀ tòun ti ẹ̀wù lọ́wọ́. Àdúrà ni wọ́n gbà fún un, fún Kànmí ọmọ rẹ̀. Ó la ẹnu láti ṣe àmín, kò sì lè ṣe é.